Bàtà ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ tí mo rán ní Iléṣà

Ọmọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ náà lórí táìsì pálọ̀. Ó ní, "Màmá àgbà, ta ló ta epo sílẹ̀?" Kì í ṣe epo. Sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, n ò mọ̀. Àfọ́kù ife ti wọ̀ mí látẹ́lẹsẹ̀, mo sì ń lọ mo ń bọ̀. Kò dùn mí rárá.

Ọdún kọkànlá rèé tí àtọ̀gbẹ ti ń bá mi fínra. Nọ́ọ̀sì tó di ọgbẹ́ náà ní kí n dijú, ó wá ń fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan kàn mí lẹ́sẹ̀ títí okùn náà á fi tẹ̀. Ibi 10 ló kàn, 3 péré ni mo mọ̀. Ó ní bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó máa ń ba iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára jẹ́, ti ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, torí òun ló gùn jù. Ẹsẹ̀ kì í làágùn dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tí gìgísẹ̀ mi fi gbẹ tó sì sán. Èmi rò pé ọyẹ́ ni. Àwọn àpá dúdú ojúgun mi tí mo ń fi kànìnkànìn bó, àtọ̀gbẹ náà ló kó wọn wá. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, wọn kì í ṣèpalára. Ìpara ni kí n máa fi pa gìgísẹ̀, kó má dé àárín ọmọ ìka. Sílípáàsì sì ti parí nìyẹn.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ṣúmékà kan lẹ́bàá ọjà Àtàkúmọ̀sà nìyí. Ìrọ̀lẹ́ ló ní kí n wá, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀. Kò bi mí ní nọ́ńbà bàtà. Ó ní kí n dìde dúró lórí páálí, ó fi bírò yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká, torí ẹsẹ̀ máa ń fẹ̀ tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bàtà náà bo ọmọ ìka, iwájú rẹ̀ fẹ̀, fóòmù inú rẹ̀ nípọn, okùn ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì jẹ́ kó bọ́ àfi tí mo bá tú u. ₦22,000 ni mo san.

Ọjọ́ 8 ló dá fún mi, ọjọ́ 20 ló tó kó o fún mi. Ìyẹn bí mi nínú. Èyí tó ju ìyẹn lọ ni pé nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ nílé, mo kan kókó òwú kan níbi tí ọmọ ìka kékeré máa ń wà. Ẹlòmíràn á wọ̀ ọ́, á gún un, á bọ́ ọ. Tèmi, ó lè jẹ mí dé egungun kí n tó mọ̀. Mo gbé e padà. Ó ki ọwọ́ tirẹ̀ náà bọ̀ ọ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ forí jì mí, Màmá." Ojú mi ló ṣe gé kókó náà, tó fi awọ rírọ̀ bò ó, kò gba kọ́bọ̀.

Oṣù kẹrin rèé. Alaalẹ́ ni mò ń fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, kò tíì sí ibi tó pọ́n tàbí tó bó. Mo ti san àsansílẹ̀ fún ẹlẹ́ẹ̀kejì, aláwọ̀ dúdú, tí n óò máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá lọ, ẹ ki ọwọ́ bọ inú bàtà yín níwájú rẹ̀ kí ẹ tó san owó tó kù.