Púlọ́ọ̀gì iridium tí mo rà ní Gate fún Prius mi

Toyota Prius 2010 mi, mọ́tò hybrid tó ń lo epo àti bátìrì, ti rin 210,000 máìlì, ó wá ń gbọ̀n jìgìjìgì tí ẹ́ńjìnì bá ti jí láàárọ̀. Mo lọ ra púlọ́ọ̀gì (ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì) Denso iridium mẹ́rin ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta sípéà pátì n'Ìbàdàn, ó wọ́n o, àmọ́ ojúlówó ni. Fúnra mi ni mo pààrọ̀ ẹ̀ nílé, púlọ́ọ̀gì gan-an ò le, abẹ́ wáípà ni wàhálà wà, àfi kéèyàn tú gbogbo ibẹ̀ kọ́wọ́ tó lè wọlé dáadáa. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 14mm lẹ máa lò. Ẹ pa mọ́tò pátápátá o, torí ẹ́ńjìnì hybrid lè ṣàdédé jí! Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi dè é kí tẹ́ẹ̀dì má bàa bó. Ní báyìí ó ń jí wẹ́rẹ́, ìyàwó mi ò tiẹ̀ mọ̀gbà tó sítáàtì.