Mo ṣe àyẹ̀wò ojú tí ẹ̀rọ AI ń ṣe fún àwa alátọ̀gbẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ bíi tèmi, bí ilé ìwòsàn yín bá ti ní kámẹ́rà tó ń fi AI yẹ ojú wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é. Mo ti ṣe tèmi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn ju bí mo ṣe rò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ku ibi tó kù sí.

Nọ́ọ̀sì ló ṣe é fún mi, kì í ṣe dókítà ojú. Ó ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, kí n fi iwájú orí tì í, kí n tẹjú mọ́ iná kékeré kan. Iná bù yẹ̀rì, ó tán. Ojú ọ̀tún kò yọ wá lẹ́nu rárá. Ti òsì ni ẹ̀rọ kọ̀, ó ní àwòrán náà kò mọ́lẹ̀ tó. Nọ́ọ̀sì kán oògùn sí i kí ọmọlójú lè là dáadáa, a dúró díẹ̀, ó tún un yà, ẹ̀rọ sì gbà á. Ohun tó wù mí jù nìyẹn: ohun tí kò rí, kò méfò rẹ̀. Kí n tó dìde, èsì ti jáde: kò rí àmì àrùn tó fi yẹ kí n lọ bá dókítà ojú, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù 12.

Ìdí tí mi ò fi fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un ni pé àìsàn ojú tí àtọ̀gbẹ ń fà, tí ẹ̀rọ yìí ń wá, kì í dunni. Ṣúgà á máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́, wọ́n á máa jò, èèyàn á sì ṣì máa ríran geere. Bí wọ́n bá tètè rí i, iná laser àti abẹ́rẹ́ inú ojú lè gba ìríran là.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí IDx-DR, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó ń dá èsì sọ láìjẹ́ pé dókítà wo àwòrán. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi 900 alátọ̀gbẹ ṣe, nínú 100 tó ní àrùn náà dé ibi tó yẹ kí dókítà rí i, ó mú nǹkan bí 87. Àwọn kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ń rí àmì dúdú tó ń fò lójú, tàbí tí ojú ń ṣú, ẹ má fi èsì ẹ̀rọ tura o, ẹ wá dókítà lọ.

Àìsàn kan ṣoṣo yìí ló ń wò. Kò wá glaucoma, àìsàn ojú mìíràn tó ń fọ́ni lójú díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi àfi ìgbà tí mo bi wọ́n. Èyí tó dùn mí jù ni ti bàbá kan tó ṣe tirẹ̀ ṣáájú mi. Ẹ̀rọ ní kó lọ rí dókítà ojú. Ìwé ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, wọn ò bá a mú ọjọ́, wọn ò júwe ibi tó máa lọ. Kò dáa bẹ́ẹ̀! Kí wá ni ìwúlò kí ẹ̀rọ tètè rí àrùn tí ẹnikẹ́ni ò ní tètè tọ́jú? Kí ẹ tó jókòó síwájú kámẹ́rà, ẹ bi wọ́n pé, “Bí ẹ bá rí nǹkan, ta ni yóò gbà mí, ọjọ́ wo sì ni?”

Bí wọ́n bá kán oògùn sí yín lójú, ẹ má wakọ̀ lọ sílé. Ẹ mú ẹnì kan dání.