Ìsọ̀ oníresì kan ní ọjà Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin

Nínú ìsọ̀ yìí, ìrẹsì òkèèrè tí ó gba èbúté Kùtọnu wọlé ni ó kún iwájú, bí ẹ bá sì fẹ́ ti Glazoué, ìlú kan ní Benin níbẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, ẹ ó ní láti béèrè, nítorí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni wọ́n tò ó sí. Òṣùwọ̀n ìyá tó ni ìsọ̀ náà kò ní màgòmágó: ó ń bu agolo títí yóò fi ga bí òkìtì, kò sì tẹ ìdí agolo wọnú bí àwọn kan ti ń ṣe.

Ìrẹsì òkèèrè náà funfun, kò ní òkúta, ó sì ń wú nínú ìkòkò. Owó ẹnubodè ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí ECOWAS ní kí a máa gbà lórí ìrẹsì láti 2015 kò ga púpọ̀, àǹfààní sì ni fún tálákà tí ń ra oúnjẹ jẹ lójoojúmọ́. Àgbẹ̀ tí ẹrù rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ti Glazoué dùn jù lẹ́nu mi, àmọ́ mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò kí n tó sè é. Ẹ̀rọ tó dára tí ń yọ òkúta ni àwọn ará Glazoué nílò.

Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019, títí di ìparí 2020 tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, ọjà àwọn tí ń tà fún ará ìkọjá ààlà kú. Ìyá yìí ní àwọn oníbàárà Kétu ni ó gba òun là. Bóyá ìdí nìyẹn tí kì í fi rẹ́ wa jẹ. Ẹ tètè dé láàárọ̀, ti Glazoué kì í pẹ́ tán.