Báàjì ọlọ́kọ̀ kan: àgbéyẹ̀wò ìsọ̀ báàjì ológun àtijọ́ kan ní Adó-Èkìtì

Ẹni tó bá ń kó báàjì ológun àtijọ́ jọ ní Èkìtì á ti mọ ìsọ̀ tí mò ń sọ, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Báàjì kan ṣoṣo ló mú mi gbé kálàmù. Ti Dífíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, ọ̀kan nínú dífíṣọ̀n méjì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1943, tí àwọn bàbá wa fi lọ ja ogun Bómà. Ẹ mọ bó ṣe yẹ kó rí: ọ̀kọ̀ dúdú méjì tó dábùú ara wọn, tí wọ́n gba inú òṣùká aláàárù kọjá, lórí aṣọ aláwọ̀ ìyeyè. Èyí tó wà nínú gíláàsì wọn ní ọ̀kọ̀ kan péré. Wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì abẹ́ rẹ̀ pé: "Àṣìṣe ilé iṣẹ́, kò sí irú rẹ̀ mọ́." Iye rẹ̀, ₦65,000. Èyí tó pé, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ₦18,000 ni.

₦47,000 tó fi lé yẹn, àṣìṣe ni wọ́n ń tà á fún. Ẹni tó bá fẹ́ gba irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, torí kò sí àṣìṣe ilé iṣẹ́ tí kò ní ohun tó fà á. Báàjì tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ńlá Schiffli ṣe, ọgọ́rọ̀ọ̀rún abẹ́rẹ́ ló máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí oníkálukú ń rán báàjì tirẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ kan bá kán, báàjì tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni apá kan á fò lára rẹ̀, gbogbo àwọn yòókù á jáde ní pípé. Bó bá jẹ́ òwú ló já, tí abẹ́rẹ́ sì ń lọ, á máa gún aṣọ lásán: ihò á wà, òwú ò ní sí. Nítorí náà, ẹni tó kàn rí ihò abẹ́rẹ́ tó wá ń pariwo pé wọ́n ti tú báàjì, ó yára jù.

Àmọ́ ti Schiffli kọ́ lèyí. Ẹ̀yìn báàjì ló sọ bẹ́ẹ̀. Òwú bọ́bìnì, ìyẹn òwú tó ń ti abẹ́ ẹ̀rọ wá, tó wà níbẹ̀ gùn síra, kò dọ́gba, ó le níbì kan, ó dẹ̀ níbì kejì. Ẹ sì lè fi ọwọ́ kan kókó ibi tí télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ àti ibi tó ti já a. Ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ kan ni, tí èèyàn ń fi ọwọ́ yí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ báàjì tí wọ́n lò ní Íńdíà àti Bómà ṣe rí, torí àwọn télọ̀ inú ọjà ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún. Irú télọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbàgbé ọ̀kọ̀ kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá gbàgbé rẹ̀, abẹ́rẹ́ ò débẹ̀ rárá nìyẹn. Aṣọ ibẹ̀ ò ní ní ihò kankan.

Tiwọn ní ihò, ìlà méjì tó tọ́ kalẹ̀ láti igun òkè lápá ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá ti tó láti rí i. Aṣọ tó wà láàárín ìlà méjèèjì ṣì pọ́n dán, nígbà tí ìyókù aṣọ ti ṣá. Oòrùn ọdún púpọ̀ ti rí gbogbo ara báàjì yẹn àfi ibi tí ọ̀kọ̀ kejì bò mọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ náà wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnìkan tó fi rísà yọ ọ́. Èyí tó wá parí ọ̀rọ̀ wà níbi tí ọ̀kọ̀ méjèèjì ti pàdé. Télọ̀ ti kọ́kọ́ rán ọ̀kọ̀ tó sọnù yìí, ó wá rán èyí tó kù gorí rẹ̀. Rísà ò lè débẹ̀ láìba ọ̀kọ̀ òkè jẹ́, ìdí òwú dúdú mẹ́fà ló sì kù lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n dojú kọ ọ̀nà ibi tí ọ̀kọ̀ tó sọnù gbà. Ọ̀kọ̀ tí wọn ò rán rí kò lè fi òwú sílẹ̀ lábẹ́ èkejì.

Ọmọkùnrin tó ń tajà gbọ́ gbogbo èyí, ìdáhùn rẹ̀ ni: "Bọ̀ọ̀dá, bí wọ́n ṣe gbé e wá nìyẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń rà á." Mo ní kó wá fi gíláàsì wò ó. Ó ní ojú òun ò ríran sí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Mo béèrè bóyá wọ́n á kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé àṣìṣe ilé iṣẹ́ ni, kí owó lè padà bó bá já sí irọ́. Ó ní àwọn kì í kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó wá fi kún un pé bí mo bá fẹ́ san ₦60,000, òun á bá mi bẹ ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú jù. A ń sọ̀rọ̀ bóyá ọjà jẹ́ ojúlówó, ẹ ń dín owó! Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, tí kò ní gíláàsì lọ́wọ́, tó ń fi owó oṣù rẹ̀ ra nǹkan tí bàbá bàbá rẹ̀ wọ̀ lọ sógun, òun ni wọ́n máa fi irú ọjà yẹn gbá lẹ́nu.

Àwọn náà ló lẹ "ẹni tó bá Fájuyì lọ sí Kóńgò ló ni ín" mọ́ báàjì aláwọ̀ aró ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kan. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ Adó ni Adékúnlé Fájuyì, pé ó jagun ní Kóńgò, pé ibẹ̀ ló ti gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross, pé wọ́n sì pa á lóṣù Keje ọdún 1966. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ pọ́n ọjà. Iṣẹ́ Kóńgò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1960, ó parí lọ́dún 1964, àmọ́ Àjọ náà ò dẹ́kun láti máa lo àmì kan náà títí dòní. Bí kò bá sí fọ́tò, ìwé iṣẹ́ ológun tàbí lẹ́tà tó so báàjì mọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́, báàjì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lásán ni.

Mo ti ń múra àtilọ nígbà tí bàbá tó ni ìsọ̀ wọlé. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ fún mi ní gíláàsì yẹn." Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó fi orí abẹ́rẹ́ gbé etí ọ̀kọ̀ tó kù sókè díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ wo ibi tí méjèèjì ti pàdé." Ó dákẹ́ síbẹ̀ pẹ́. Ó wá pe ọmọkùnrin náà, ó ní kó yọ káàdì yẹn kúrò, kó kọ òmíràn: "Wọ́n ti tú ọ̀kọ̀ kan. ₦6,000." Ojú mi ló ṣe. Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn tó ń ta nǹkan àtijọ́ ná ọjà, mi ò tíì rí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já irú owó bẹ́ẹ̀ dànù níwájú oníbàárà.

Ó wá ṣí dúróọ̀ kan tí kì í ṣí fún gbogbo èèyàn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ojúlówó àṣìṣe, lára báàjì Dífíṣọ̀n 101 ti Amẹ́ríkà, èyí tó ní orí ẹyẹ idì funfun lórí aṣọ dúdú. Ẹnu idì náà máa ń jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ahọ́n rẹ̀ á sì pupa. Ti inú dúróọ̀ yìí, àwọ̀ ìyeyè ni ẹnu àti ahọ́n. Iṣẹ́ Schiffli nìyí, àlàyé rẹ̀ ò sì ṣòro: bí wọ́n bá fẹ́ yí àwọ̀ padà lórí ẹ̀rọ náà, gbogbo abẹ́rẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún òwú kì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fo abẹ́rẹ́ kan, ó sì fi òwú ẹnu rán ahọ́n. Kò sí ihò tó ṣófo, òwú bọ́bìnì tó wà lẹ́yìn lọ láìjá, ahọ́n náà sì ṣá bákan náà pẹ̀lú ẹnu. Wọn ò fi òwú dí etí rẹ̀, wọ́n kàn gé e lásán ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é nígbà ogun. Etí tó nípọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ Merrow yí ká, tó máa ń ní ìrù òwú lẹ́yìn, ẹ̀yìn ogun ló gbòde. A fi tọ́ọ̀ṣì iná àlùkò wò ó, irú èyí táwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó bébà wò, kò tàn. Òwú òde òní sábà máa ń tàn báláú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o: báàjì àtijọ́ tí wọ́n bá ti fi ọṣẹ ìfọṣọ òde òní fọ̀ náà á tàn, torí èròjà tó ń mú aṣọ funfun wà nínú ọṣẹ ọ̀hún. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ yọ fọ́nrán òwú kan láti ẹ̀yìn, kí ẹ fi iná kàn án. Òwú tòótọ́ á jó bí ìwé, á di eérú. Pọlísítà á yọ́, á di kókó líle. Báàjì ọdún 1944 tí òwú rẹ̀ bá yọ́, ẹ dá a padà, torí ọdún 1941 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ pọlísítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì tíì dọ́jà kí ogun tó parí.

₦40,000 ni bàbá gbà lórí ẹ, ó sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì bí mo ṣe fẹ́: "Ahọ́n àwọ̀ ìyeyè, àṣìṣe ẹ̀rọ, owó á padà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀."

Ọmọbìnrin kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n fi ọjà lé lọ́wọ́ pátápátá. Oníbàárà kan fẹ́ san owó gọbọi lórí báàjì Dífíṣọ̀n 81, dífíṣọ̀n kejì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yẹn, ti alántakùn dúdú, torí pé lára àpá aṣọ tí wọ́n rán an mọ́, orí alántakùn náà kọjú sí ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ló dá a dúró: "Ẹ má bínú sà, àṣìṣe kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́." Òótọ́ ló sọ. Bí ṣọ́jà bá gbé ìbọn sójú láti yìn ín, apá rẹ̀ á nà síwájú, alántakùn á sì dojú kọ ọ̀tá. Ó lè dákẹ́ kó gba owó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọn kì í sì í ta báàjì àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tòde òní, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Òfin wà lórí ẹni tí kì í ṣe ṣọ́jà tó wọ aṣọ ológun.

Ohun tí mi ò lè fojú fò ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọjà. Píìnì sítépùlà ni wọ́n fi ń kan báàjì mọ́ káàdì! Pẹ̀lú ọ̀rinrin òjò tiwa ní Èkìtì, irin yẹn á dípẹtà, ìpẹtà á wọ inú òwú, kò sì sí ọṣẹ tó lè yọ ọ́ tí kò ní ba àwọ̀ jẹ́. Mo rí báàjì alántakùn méjì tí ìpẹtà ti jẹ ihò sí lára. Àwọn kan wà tó tilẹ̀ jẹ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n, ẹ̀yìn wọn tí èèyàn ì bá fi dá ojúlówó mọ̀ sì ti bàjẹ́. Ike rírọ̀ tó máa ń làágùn ni wọ́n fi bo ìyókù. Òwú tín-ín-rín tí wọ́n bá fi so báàjì mọ́ páálí funfun tí kò ní èròjà kíkan ti tó, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin nínú àpótí, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún bàbá. Ó ní òun á ṣe é. Nígbà tí mo tún yà níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, sítépùlà ṣì wà lórí káńtà, káàdì Fájuyì sì wà níbi tó wà.

Máàkì tí mo fún wọn: 4 nínú 5. Bí ẹ bá lọ, ẹ lọ nígbà tí bàbá bá wà níbẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n yọ báàjì kúrò lára káàdì kí ẹ tó ná an. Ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.