Dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì, Okùn Rọ́bà àti Bábẹ́ẹ̀lì: Èwo Ló Yẹ Kí O Rà Kí Èjìká Rẹ Lè Fẹ̀?

Egungun èjìká ẹni tó ti dàgbà tán kì í gùn sí i mọ́. Iṣan tó bò ó ló ṣeé mú tóbi. Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣan náà pín sí: ti iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn. Ti ẹ̀gbẹ́ ló ń jẹ́ kí èjìká yọ síta lójú ẹni tó dojú kọ ọ́. Nítorí náà, má tìtorí pé irin wúwo rà á. Wá èyí tí yóò bá iṣan ẹ̀gbẹ́ yìí wí gan-an, tí o sì lè máa fi nǹkan kékeré kún.

Bábẹ́ẹ̀lì

Ọwọ́ méjèèjì wà lórí ọ̀pá kan, o sì lè ti ẹrù tó wúwo láti àyà lọ sókè orí. Àmọ́ iṣan iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn. Ọ̀pá gígùn tó wọ́pọ̀ ní jíìmù jẹ́ kílò 20 kí àwo kankan (irin pẹlẹbẹ oníhò tí a ń fi kún ẹrù rẹ̀) tó wọ̀ ọ́, èyí sì ti pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wo ihò àwo dáadáa kí o tó rà: ẹnu ọ̀pá yìí tó mílímítà 50, àwo oníhò kékeré kò lè wọ̀ ọ́ láéláé.

Àwọn kan ń fi ọ̀pá náà fa irin láti itan dé ọrùn kí ẹ̀gbẹ́ èjìká lè tóbi. Bí ọwọ́ bá sún mọ́ra, tí ìgbọ̀nwọ́ sì ga ju èjìká lọ, oríkèé lè máa ro ẹni. Ya ọwọ́ síra, má sì gbé ọ̀pá náà kọjá àyà.

Okùn rọ́bà

Ó fúyẹ́, ó ṣeé dì sínú àpò. Ó dára gan-an fún ẹ̀yìn èjìká: dì í mú níwájú àyà, fà á síhà méjèèjì títí yóò fi kan àyà, ní ìgbà 15 sí 20. Ìṣòro rẹ̀ ni pé níbẹ̀rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ le rárá, bó ṣe ń nà ló ń le, o kò sì lè mọ iye kílò tó o gbé. Oòrùn a máa bà á jẹ́. Nà án díẹ̀ kí o tó lò ó, kí o wò ó láti ìdí dé orí. Bí o bá rí ibi tó ti sán, sọ ọ́ nù, torí ojú ló lè já sí.

Dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì

Irin kúkúrú tí a ń fi ọwọ́ kan gbé ni, òun la sì fọwọ́ sí. Ọ̀kan wà tí kò ṣeé tú, òmíràn ṣeé tú. Nínú èyí tí kò ṣeé tú, bí o bá kúrò ní kílò 5 bọ́ sí 7.5, ìdajì ohun tó ò ń gbé tẹ́lẹ̀ lo fi kún un lẹ́ẹ̀kan náà! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbàdí ju irin sókè. Ra èyí tó ṣeé tú, tó ní àwo kékeré kílò 0.5: ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kílò 1 péré ló kún un.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Dúró, tẹ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀, gbé apá méjèèjì síta bí ẹyẹ tó fẹ́ fò, kí apá yọ síwájú díẹ̀. Dá a dúró bó bá bá èjìká dọ́gba. Ka ení, èjì, ẹ̀ta bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀. Ìgbà 12 sí 15, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìsinmi ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ láàárín, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé 15, fi kílò 1 kún un. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé kílò 4 ń mú apá rẹ gbọ̀n: irin tó jìnnà sí ara máa ń wúwo ju bó ṣe rí lọ. Bí ọrùn bá rẹ̀ ọ́ ṣáájú èjìká, ó ti wúwo jù. Dín in kù.

Ẹni tó ń rìnrìn àjò gan-an lè fi okùn rọ́bà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ní dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì, tó sì fẹ́ agbára títì sókè, ni bábẹ́ẹ̀lì tọ́ sí.

Kí o tó sanwó dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì tó ṣeé tú, yọ nọ́ọ̀tì tó de àwo mọ́ ọn kí o wo inú nọ́ọ̀tì náà. Ó yẹ kí òrùka rọ́bà wà níbẹ̀. Láìsí i, ó máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń gbé e. Dè é padà, mì ín dáadáa. Bí àwo bá ń dún gbọ̀ngbọ̀n, mú òmíràn.