Àwọn tó tún gìtá béèsì mi ṣe, tí wọ́n sì da ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ nù

Garawa ìdalẹ̀nù kan ló mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Lọ́jọ́ tí mo lọ gba gìtá béèsì Fender Precision mi lọ́wọ́ àwọn tó ń tún gìtá ṣe ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo yí bọ́tìnnì ohùn rẹ̀, ó sì yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kí ọ̀gá tú ike ojú rẹ̀. Pot méjèèjì, ìyẹn ẹ̀yà abẹ́ bọ́tìnnì tó ń darí ohùn, ti di tuntun, wọ́n ń kọ mànà. Mo bi í pé àwọn ti àtijọ́ ńkọ́. Ó ní, “Wọ́n ń ta pàràpàrà, mo ti dà wọ́n nù,” bí ẹni ń sọ̀rọ̀ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yìn pot ni nọ́ńbà máa ń wà. Ti tèmi ni 1377324: 137 dúró fún CTS, ilé-iṣẹ́ tó ṣe pot náà, 73 ni ọdún, 24 sì ni ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí gìtá gan-an ló ń sọ, nítorí pot lè pẹ́ nínú àpótí kí wọ́n tó lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan ti fi sánpépà pa déètì ìdí ọrùn gìtá rẹ́, bíi ti tèmi, ẹ̀rí wo ló tún kù tí olùrà yóò gbà gbọ́? Pọ́n-ùn 2,600 ni mo rà á. Mo sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ọ̀dà rẹ̀, kí wọ́n má sì pààrọ̀ ohunkóhun láìkọ́kọ́ pè mí.

Ọmọbìnrin tó ń gbàlejò níbẹ̀ wo orúkọ mi lórí ìwé, ó sì yí èdè padà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ.” Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó da garawa náà sórí ìwé ìròyìn, ó sì ń tú u láàárín okùn gìtá tó ti já, ewé tíì tútù àti ìyẹ̀fun igi, títí ó fi rí méjèèjì. Ó nù wọ́n, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá. Ọ̀gá kò tọrọ àforíjì. Ó kàn yọ pọ́n-ùn 30 kúrò nínú 190.

Síbẹ̀, n kò tíì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọrùn gìtá bí ọkùnrin yẹn. Ìdí ọrùn ni wọ́n ti ń yí irin tó ń mú ọrùn tọ́ nínú béèsì irú èyí, kò sì ṣeé ṣe dáadáa láìtú ọrùn kúrò lára igi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú u kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì bu owó kankan lé e. Okùn E tó ń kùn ní fret karùn-ún (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) láti ìgbà tí mo ti rà á ti dákẹ́, ó wá ń dún kìì láti ikùn wá. Ní ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni onílù wa yíjú padà wò mí. Èmi fúnra mi ni mo dá pot àtijọ́ padà sínú rẹ̀: mo fín òróró ìfọ̀ díẹ̀ sí wọn, mo yí wọn lọ yí wọn bọ̀, wọn kò sì ta pàrà mọ́.

Máàkì méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Síbẹ̀, béèsì mi mìíràn, Jazz Bass, ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo fi téèpù lẹ bọ́tìnnì rẹ̀ pa, mo sì kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i.