Ẹ ṣọ́ra o: kọngílá swimming pool tó ń bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀ kí onílé tó rí i

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń múra láti gbẹ́ swimming pool sẹ́yìn ilé yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Gbàgádà, Ogùdù, Ṣúrùlérè, àwọn ibi tí omi ò jìnnà sílẹ̀ yẹn, ẹ dákun ẹ ka eléyìí tán kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń kiri àdúgbò, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó máa ń wọ bàtà bọ́ọ̀tù àti akoto funfun, á máa pè yín ní Mọ́mì, Mọ́mì, títí tójú á fi máa tì yín láti bi í ní ìbéèrè. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ti wà lọ́dọ̀ lọ́yà, àmọ́ màá sọ gbogbo ọ̀nà tó gbà mú mi, tí òun tàbí irú ẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn yín ẹ ó dá a mọ̀.

Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, ó ti lé lógún ọdún. Ẹ di ojú mi, ẹ gbé léèsì méjì síwájú mi, màá fọwọ́ kàn án, màá sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó fún yín. Mò ń sọ èyí kẹ́ ẹ má baà rò pé mùgùn ni mí. Kọnkéré ò ṣeé fọwọ́ kàn mọ̀ ni, ibẹ̀ ló ti rí mi mú.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ̀yìn ilé wa fẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ máa ń wá lo ọlidé, mo ní kí n ṣe púùlù kékeré, mítà 8 ní gígùn, mítà 4 ní fífẹ̀, kí apá ibi tí kò jìn jẹ́ mítà 1.2, kí ibi tó jìn jẹ́ 1.8. Kọngílá méjì ti kọ́kọ́ fún mi ní iye, àwọn méjèèjì wà nítòsí mílíọ̀nù 15. Ọ̀gbẹ́ni yìí dé, ó ní mílíọ̀nù 8 àbọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó parí. Ní Balógun, tẹ́nì kan bá fẹ́ ta nǹkan tí gbogbo ọjà ń tà ní 15 fún mi ní 8, mo máa yẹ etí aṣọ wò kí n tó yọ owó. Lọ́jọ́ yẹn mi ò yẹ nǹkan kan wò o, inú mi ń dùn.

Ọjọ́ kejì ló fi àwòrán 3D ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ó rẹwà! Omi búlúù, igi ọ̀pẹ, àga gbọọrọ méjì, òkun lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi funfun kan. Ọmọbìnrin mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, òkun wo ló wà lẹ́yìn ilé wa? Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́yìn ilé wa." Mo bi í, ó ní kọ̀ǹpútà ló fi òkun sí i fúnra ẹ̀. Mo gbà.

Mo ní kó mú mi lọ wo iṣẹ́ tó ti ṣe, ó gbé mi lọ Magodo. Púùlù yẹn dáa, mi ò ní purọ́, omi ẹ̀ mọ́ gaara. Onílé ò sí nílé, gétìmáànù ló ṣílẹ̀kùn fún wa, òun àti ọ̀gbẹ́ni wa ń rẹ́rìn-ín síra wọn bí ọmọ ìyá. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ tán ni mo tó padà lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo bá onílé, bàbá àgbàlagbà, wọ́n ní àwọn ò rí ọkùnrin yẹn rí, ẹlòmíì tó wá láti Ìbàdàn ló ṣe púùlù àwọn. Ó ti fún gétìmáànù lówó ni. Torí náà tí wọ́n bá mú yín lọ wo iṣẹ́, onílé gan-an ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kódà kó jẹ́ lórí fóònù, ẹ bi í pé ìgbà wo ni wọ́n parí ẹ̀, àti pé ṣé omi máa ń lọ sílẹ̀. Ẹ tún wo ilẹ̀ ibẹ̀. Magodo ga, ilẹ̀ pupa ni, ohun tó dúró níbẹ̀ lè má dúró lọ́dọ̀ tiwa.

Kànga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣíìnì wa, láti ayé ìyá ọkọ mi ló ti wà. Bàbá tó máa ń bá wa kó ẹrẹ̀ inú ẹ̀ yà wá lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, òjò ń rọ̀ bí ẹni tó gba owó iṣẹ́. Bàbá ti igi gígùn kan bọ inú kànga, wọ́n fà á jáde, wọ́n fi ibi tó tutù dé hàn mí. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ wò ó, láti orí ilẹ̀ dé orí omi ò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, ẹ sì fẹ́ gbẹ́ 7. Ẹ ò ṣe jẹ́ kó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn?" Mo pe ọ̀gbẹ́ni, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má dá bàbá lóhùn, ayé àtijọ́ ni wọ́n ń bá yí." Kò ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ìjọba Èkó ní ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Materials Testing Laboratory tó ń ṣe é. Mo bi í nípa ìwé àṣẹ LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé, ó ní púùlù ò nílò ìwé. Mo gbà yẹn náà. Mo san ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ náà, mílíọ̀nù 6 ó dín díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Wọ́n gbẹ́ dé ẹsẹ̀ bàtà 4, omi sì yọ bí bàbá ṣe wí. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì máa fa omi tọ̀sán tòru, epo ẹ̀ sì di tèmi. Ìwé tó kọ fún mi sọ pé irin mílímítà 12 ni, ìpele méjì, kí àlàfo àárín irin má ju mílímítà 150 lọ, ìyẹn bíi íńṣì 6. Ó fi fọ́tò irin tí wọ́n ti dì ránṣẹ́ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó tò dáadáa, ó wù mí. Ìgbà tó yá ni mo tún fọ́tò yẹn wò, ilẹ̀ inú ẹ̀ pupa bí osùn. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé mi dúdú kirikiri. Fọ́tò ibòmíì ni.

Ọjọ́ Sunday ni wọ́n da kọnkéré. Ká tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé wọ́n ti bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, irin àti páìpù. Mo bínú díẹ̀, ó ní ẹni tó ń po kọnkéré ò ní ráàyè lọ́jọ́ mìíì. Ibí yìí gan-an ni gbogbo jìbìtì ẹ̀ wà. Púùlù ò dà bí ilé tẹ́ ẹ lè máa rí búlọ́ọ̀kù ẹ̀ bó ṣe ń ga, ohun tó náwó jù níbẹ̀ abẹ́ ló wà, tí wọ́n bá ti bò ó, ojú táìsì nìkan lẹ máa rí. Ẹ sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ bo nǹkan kan tẹ́ ẹ ò tíì rí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé tí wọ́n bá bò ó, owó ara wọn ni wọ́n á fi fọ́ ọ. Tí irin bá délẹ̀, ẹ mú téépù lọ, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ní ti páìpù, kí wọ́n dí ẹnu ẹ̀, kí wọ́n fi omi sí i, kí wọ́n so géèjì mọ́ ọn, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, tí ọwọ́ géèjì bá ti wálẹ̀, ó ń jò nìyẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ tíì da kọnkéré kankan.

Ọmọ kan tó ń bá birikìlà ẹ̀ ṣiṣẹ́ ló sọ ìyókù fún mi, lẹ́yìn tí òun náà ò rí owó iṣẹ́ ẹ̀ gbà. Ó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì oògùn tí kì í jẹ́ kí omi jò, mẹ́rin tó kó wá sílé mi, ẹyọ kan ló ní nǹkan nínú. Mẹ́ta tó kù, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi omi pò ni, lébẹ̀lì ṣì wà lára ẹ̀ o, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń gbé láti sáìtì dé sáìtì. Kò ju pé kẹ́ ẹ ra oògùn yẹn fúnra yín, kẹ́ ẹ ṣí i lójú ara yín.

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n lẹ táìsì tán. Ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ pọn omi sí i kí táìsì tó dé orí ẹ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan ká wò ó bóyá ó ń jò. Wọn ò ṣe é. Ẹ bá mi ṣírò omi: 8 lọ́nà 4, lọ́nà 1.5 tó jẹ́ àárín 1.2 àti 1.8, kúbíìkì mítà 48, ìyẹn lítà 48,000. Táńkà oní-lítà 10,000 márùn-ún ni mo rà. Ọjọ́ kẹta, omi ti lọ sílẹ̀ ní ìlà táìsì mẹ́ta. Ó ní oòrùn ló ń fà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ẹnjiníà wá, ó pa pọ́ǹpù, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan lé orí àtẹ̀gùn inú púùlù, ó jẹ́ kí omi inú ẹ̀ bá ti ìta dọ́gba, ó fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí méjèèjì. Lẹ́yìn wákàtí 24, ti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú àmì, ti púùlù ti lọ sílẹ̀ ní íńṣì kan. Ṣé oòrùn ò mọ ọ̀nà inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni?

Iyanrìn tún ń jáde láti ẹnu páìpù tó ń dá omi padà, ó ń kó jọ sórí àtẹ̀gùn. A ṣí fílítà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú omi, a bá iyanrìn tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ńtì. Iyanrìn fílítà ọ̀tọ̀ ni, ó mọ́, hóró ẹ̀ dọ́gba, ó ń wá nínú àpò tiẹ̀. Pọ́ǹpù tó ní tuntun ni, mo fi èékánná họ ara ẹ̀, àwọ̀ búlúù yọ lábẹ́ dúdú.

Mo pè é, ó ní kò le, ká fa omi inú ẹ̀ tán, òun á wá lẹ ibi tó ń jò. Oṣù kẹwàá ni, òjò ṣì ń rọ̀. Wọ́n fa omi ọ̀hún tán lọ́jọ́ Thursday, ó ní òun ń bọ̀ ní Monday. Òru Saturday, òjò ńlá rọ̀, mo gbọ́ tí táìsì ń dún pa, pa, pa, mo rò pé olè ló wọlé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, apá ibi tó jìn ti yọ sókè kúrò nílẹ̀ tó ìdúró búlọ́ọ̀kù kan, ó ti là ní àárín, páìpù ti já.

Ẹ mú igbá òfìfo, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi, ẹ ó rí i bó ṣe máa ti ọwọ́ yín padà. Bí púùlù òfìfo ṣe rí nínú ilẹ̀ tí omi kún nìyẹn. Omi inú púùlù ló ń bá wa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fáàfù kékeré kan wà tí wọ́n máa ń fi sí ìsàlẹ̀, tí omi ilẹ̀ bá ti ń tì í jù á ṣí, á jẹ́ kí omi wọlé kí púùlù má baà gbéra. Kò fi síbẹ̀. Nígbà tí mo pè é, ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún mi: "Mọ́mì, ẹ bi ilé léèrè o, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣojú lásán." Èyí tó ń jẹ́ àyẹ̀wò ilẹ̀ kò ṣe é, ifá ló fẹ́ kí n lọ dá. Láti ọjọ́ yẹn fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́.

Ẹnjiníà tí mo mú wá lẹ́yìn ẹ̀ fọ́ ibi tó là. Irin mílímítà 10 ló bá níbẹ̀, ìpele kan ṣoṣo. Mo mú téépù tí mo fi ń wọn aṣọ sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo wọn àlàfo ẹ̀, íńṣì 12 àbọ̀. Páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lò fún omi ìdọ̀tí ló rì síbẹ̀ dípò pressure pipe, páìpù líle tó lè gba agbára omi tí pọ́ǹpù ń tì. Ihò tó ń fa omi nísàlẹ̀, ẹyọ kan ni, ó sì yẹ kó jẹ́ méjì tó jìnnà síra, kó má baà di pé ó fa ọmọ mọ́lẹ̀. Èyí tó mú mi jókòó sílẹ̀ ni ti iná. Gílóòbù inú omi, vólítì 12 ló yẹ kó jẹ́, kó gba inú tiransfọ́mà kọjá. Ó fa 220 láti inú ilé lọ sínú omi tààrà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti wẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bínú torí owó mọ́ látìgbà yẹn, iná yẹn ni mo máa ń lá lálàá.

Ẹnjiníà tuntun yìí, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni èsì àyẹ̀wò ilẹ̀, ó ní òun ò lè dárúkọ iye láìrí i. Ó fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀ ní COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, kí n tó béèrè. Owó ẹ̀ á máa wọlé ní ìpele: gbígbẹ́lẹ̀, irin, kọnkéré, omi àyẹ̀wò, táìsì, ìdá kan á kù lọ́wọ́ mi títí omi á fi lo oṣù kan láìlọ sílẹ̀. Ó ní ká dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá oníkànga ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí lónìí ni pé àna ni ọmọ ọjà mi kan fi sítátọ́ọ̀sì ẹnìkan hàn mí, nọ́ńbà tuntun, àwòrán kan náà: igi ọ̀pẹ, àga méjì, ọkọ̀ funfun. Wọ́n ti kun ilé ẹ̀ ní àwọ̀ mìíì. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "iṣẹ́ wa tó ń lọ lọ́wọ́ ní Agége", òkun sì wà lẹ́yìn ẹ̀ rẹrẹẹrẹ.